Èsì: Bí iná laser ṣe ń darí electron nínú òrùka carbon

Àbúrò mi ní Kétu, o béèrè bóyá lóòótọ́ ni laser lè darí electron, ìyẹn èérún tín-ín-tín tó ń gbé iná mànàmáná, nínú molecule, ìyẹn àwọn átọ́ọ̀mù tó so pọ̀. Ó ṣeé ṣe.

Mú káńfọ̀ tí àwọn ìyá wa ní Àjàṣẹ́ ń jù sáàárín aṣọ nínú àpótí. Naphthalene ni: átọ́ọ̀mù carbon 10, òrùka méjì tó fara kọ́ra. Benzene, kẹ́míkà mìíràn tó jọ ọ́, ní tirẹ̀ jẹ́ òrùka kan, carbon 6. Àwọn electron kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti carbon kan ṣoṣo, gbogbo òrùka ló ni wọ́n. Àmọ́ wọn kì í gba apá ọ̀tún ju òsì lọ, nítorí náà iná mànàmáná kankan kì í ṣàn yípo.

Ibẹ̀ ni laser ti wúlò. Tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ń yí bó ṣe ń lọ, tí agbára rẹ̀ sì bá benzene mu, àwọn electron á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Yí ìmọ́lẹ̀ náà sódì, àwọn náà á gba òdìkejì, bí táyà tí ọmọdé ń fi igi lù lágbàálá. Iná tó ń yípo yẹn sì ń ní agbára òòfà tirẹ̀! Èyí ló wú mi lórí jù.

Ìṣirò kọ̀ǹpútà ló pọ̀ nínú iṣẹ́ orí benzene, torí ìrìn electron yára débi pé attosecond la fi ń wọ̀n ọ́n: pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà bílíọ̀nù, kí o tún pín ẹyọ kan níbẹ̀ sọ́nà bílíọ̀nù. Àwọn onímọ̀ físíìsì Agostini, Krausz àti L'Huillier gba ẹ̀bùn Nobel 2023 lórí ìmọ́lẹ̀ kúkurú tí kì í tàn ju ìwọ̀n attosecond lọ.