Ẹ Bi Wá: Wíwo elégédé ní ọgbà Dallas

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. A fẹ́ mú wọn lọ wo àfihàn elégédé ní Dallas Arboretum, ọgbà òdòdó àti igi ńlá kan ní Dallas, pẹ̀lú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn wọ́n. Ìgbà wo ni ká lọ? Elégédé tí mo rà sí iwájú ilé lọ́dún tó kọjá sì jẹrà kíá. Kí ló fà á? Ṣé a lè sè é jẹ?
Ìyá Ìbejì, Texas

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlejò màmá. Oṣù September ni wọ́n ti ń ṣí àfihàn náà, ṣùgbọ́n oòrùn Dallas ṣì máa ń mú gan-an nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó di àárín October. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, kí ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Èrò òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi orúnkún màmá dán wò. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ti ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Éékà 66 ni ọgbà náà, létí adágún White Rock, nítorí náà ẹ gbé àga oníkẹ̀kẹ́ dání. Pumpkin Village, ìyẹn Abúlé Elégédé, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Elégédé àti kàrègbè tó wà níbẹ̀ lé ní 90,000: pupa rúsúrúsú, funfun, aláwọ̀ eérú, àwọn kan sì rí kókó-kókó bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n tò wọ́n mọ́ ara ilé kéékèèké tí ọmọdé lè wọ̀. Ọgbà àwọn ọmọdé ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ fi ìyẹn sí ọjọ́ mìíràn.

Ní ti elégédé yín, bí ẹ bá gbẹ́ ojú sí i bí wọ́n ti ń ṣe fún ọdún Halloween, kì í sábà ju ọjọ́ márùn-ún lọ nínú ooru. Èyí tí ẹ kò gbẹ́ lè lo oṣù kan sí mẹ́ta níbi tó tutù, tó sì gbẹ. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀: bí èékánná bá wọlé, kò tíì gbó. Ẹ má ṣe di igi orí rẹ̀ mú gbé e, torí bó bá kán, ojú ibẹ̀ ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Ẹ pò ṣíbí ìjẹun bílíìṣì kan mọ́ gálọ́ọ̀nù omi kan, ẹ fi nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Kọnkéré máa ń mú kí ìdí rẹ̀ rin.

Èyí tí ẹ ti gbẹ́ tó sì ti dúró níta, ẹ má sè é. Àwọn ńlá tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí kún fún omi àti okùn. Àwọn kékeré tí wọ́n ń tà fún sísè ló dùn lọ́bẹ̀. Kàrègbè ọ̀ṣọ́ kì í ṣe jíjẹ rárá. Elégédé yòówù tí ẹ bá tọ́ wò tó korò, ẹ tu ú dànù. Sísè kì í pa oró ibẹ̀.