Ọmọ àbúrò mi ń kó búrẹ́dì sábẹ́ ìrọ̀rí: ṣé kí n fi dandan mú un sọ ohun tójú ẹ̀ rí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ìkòròdú là ń gbé, ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní Sábó. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, ti wà lọ́dọ̀ mi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n sì lù ú nílùkulù. Àpá ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Kì í sunkún. Ó máa ń parọ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Tí mo bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, búrẹ́dì ni mo máa ń bá lábẹ́ ìrọ̀rí, èèrà á ti bò ó. Pásítọ̀ ní kí n mú un wá fún ìtúsílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n jókòó tì í títí á fi sọ gbogbo ẹ̀ tán, pé ìgbà yẹn lara ẹ̀ máa yá. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ wo èèyàn yẹn tiẹ̀ wúlò fún ọmọdé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ má fi dandan mú un sọ ohunkóhun.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yẹn rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ. Mo jókòó ti ọmọkùnrin kan, mò ń bi í, mo tún ń bi í. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún mi, ohùn ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ka ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á yà sí kọ̀rọ̀. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé ká má máa mú ẹni tí láabi ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jókòó pé kó ro gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kì í gba èèyàn lọ́wọ́ àìsàn ọkàn tó lè tẹ̀lé e. Wọ́n ní ká má fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oògùn amárabalẹ̀ bíi Valium náà. (Piriton tí àwọn kan máa ń fún ọmọ kó lè sùn ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ ní kẹ́míìsì.)

Ẹ gbọ́ ìbéèrè méjì yìí: “Kí ló ń ṣe ọ́?” àti “Kí ló ṣe ọ́?” Lẹ́tà “ń” kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Èyí àkọ́kọ́ ń wá ẹ̀bi lára ọmọ. Èkejì ni ẹ máa bi ara yín nínú, láìsọ ọ́ jáde. Ẹ wá fi ka ìwà ẹ̀. Níbi tó ti wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó bá ń bínú ló ń fún un lóúnjẹ. Ló ṣe ń fi tòní pamọ́ de ọ̀la. Bó bá sọ òótọ́, ẹgba. Ló ṣe ń parọ́. Bó bá sunkún, wọ́n á fi kún un. Ni omijé bá gbẹ. Ọgbọ́n tó fi wà láàyè ni gbogbo ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ro àmàlà, tí ẹ gbé ọmọ orógùn sókè láti nu etí ìkòkò, ẹ wo èjìká ẹ̀. Á ti sún kan etí kí òun fúnra ẹ̀ tó mọ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Àlàyé ò lè dá irú ara bẹ́ẹ̀ dúró, àfi kí ekòló kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, kó má bù ú jẹ.

Èèyàn ló ṣe é léṣe, ọwọ́ èèyàn náà ló ti máa rí ìwòsàn. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aro ká, ní Abẹ́òkúta. Ìbátan kan á bá aláìsàn wá, á máa se oúnjẹ fún un. Wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á sùn láàárín èèyàn lálẹ́.

Ẹ wá agolo Bournvita tó ti ṣófo. Ẹ kó bísíkíìtì, ẹ̀pà àti gàrí díẹ̀ sí i, kí ẹ ní tiẹ̀ ni, pé ẹnikẹ́ni ò ní ṣí i láìtọrọ. Bó bá tán, ẹ kún un padà, ẹ má bi í bó ṣe tán. Ìgbà tó bá dá a lójú pé agolo ò ní gbẹ ni búrẹ́dì máa kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ kó ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ẹ sọ aago tí ẹ máa dé fún un. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá yín dúró, ẹ pe fóònù sílé, kí òun gan-an gbọ́ ohùn yín. Ẹ pe orúkọ ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó máa yan nǹkan kéékèèké fúnra ẹ̀: aṣọ wo, irun wo.

Ẹ máa jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ kan ṣá, ó dájú. Ọjà ò tà, iná ò sí. Tí ara yín bá ti balẹ̀, ẹ padà lọ bá a: “Mo jágbe mọ́ ẹ, kò yẹ. Mi ò ní lù ẹ́.” Mo mọ̀ pé àgbà kì í bẹ ọmọdé nílẹ̀ wa. Ẹ bẹ̀ ẹ́ náà. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, tòsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀tún nìkan ni ọmọ yìí mọ̀, nítorí náà ẹ gbé ẹgba kúrò nílé pátápátá.

Ní ti Pásítọ̀, kò sẹ́ni tó kọ àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ebi pa á lórúkọ ààwẹ̀, kí wọ́n nà án, tàbí kí wọ́n mú un jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Bí Pásítọ̀ ò bá gba èyí, ẹ gbàdúrà nílé.

Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ wúlò fún ọmọdé, ó wúlò gan-an. Èyí tó wà fún irú wọn sábà máa ń gba ìpàdé 12 sí 16, ẹ̀yin náà á sì máa jókòó sí i. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọmọ bó ṣe máa mí kí àyà ẹ̀ rọlẹ̀ àti bó ṣe máa pe ẹ̀rù àti ìbínú lórúkọ. Ìtàn fúnra ẹ̀ á wá tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ní Lusaka, ní Zambia, wọ́n dán an wò lára ọmọ 257, èsì ẹ̀ sì jáde ní 2015. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe dókítà, ará ìlú tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ni, ara àwọn ọmọ náà sì yá ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Ẹ lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, kí ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ní ẹ̀ka tọmọdé ní Òṣòdì.

Àwọn ohun kan wà tí kò ṣeé dúró dè: bó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, bí kò bá jẹun mọ́, tàbí bí ìtọ̀ bá ń dùn ún tàbí tí abẹ́ ẹ̀ lọ́gbẹ́. Fún èyí tó kẹ́yìn, ẹ lọ tààrà sí Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ní LASUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìjọba Èkó, ní Ìkẹjà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tún lè fi ọ̀rọ̀ ilé tó ti ṣiṣẹ́ tó DSVA létí, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, nítorí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti wà l'Ékòó láti 2007. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ, ẹ má wọ́ ọmọ náà dání.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí ẹja tí ẹ ti ń ṣà ló ti máa sọ gbólóhùn kan, láìwojú yín. Ẹ má dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ má pariwo “Áà!” Ẹ sọ pé “Mo gbọ́.” Tí kò bá sọ ìkejì, ẹ máa ṣa ẹja yín lọ.