Bí Ẹni Tí Kò Ríran àti Ẹni Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Gbọ̀n Ṣe Lè Ta Ayò Orí Pátákó

Ìbéèrè: Mo ń darí ẹgbẹ́ kan tó máa ń pàdé láti ta ayò orí pátákó. Ọ̀kan nínú wa kò ríran mọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn sì ń gbọ̀n gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, irú ẹ̀rọ wo ni kí a rà kí àwọn méjèèjì lè máa bá wa ta á?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó náwó sórí ẹ̀rọ kankan, ẹ mú ayò kan tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì máa kíyè sí ohun tí ojú nìkan ń rí níbẹ̀ àti ohun tí ìka ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣe. Ohun tí ojú nìkan ń rí ni ẹ ó wá ọ̀nà tí ọwọ́ tàbí etí yóò fi mọ̀, láìjẹ́ pé ẹni náà ní láti bi ẹlòmíràn. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí ẹni tí a ń bá gbé ọmọ ayò, tí a sì ń bá ka gbogbo nǹkan, òǹwòran ni a sọ ọ́ dà.

Ẹ wo pátákó ṣẹ́ẹ̀sì tí a ṣe fún àwọn tí kò ríran. Àwọn ilé dúdú rẹ̀ ga díẹ̀ ju àwọn funfun lọ. Ihò wà láàárín ilé kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò sì ní ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ inú ihò náà, débi pé ẹni tó ń fọwọ́ tọ́ ọ kò ní bì í ṣubú. Orí ọmọ ayò dúdú ní ìṣó kékeré kan tí a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí funfun. Ẹni tó bá sì gbé ọmọ ayò yóò pe ilé tó gbé e sí sókè. Kò sí iná mànàmáná nínú gbogbo èyí, síbẹ̀ láti 1961 ni àwọn tí kò ríran ti ń ṣojú orílẹ̀-èdè wọn nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé tiwọn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Meschede ní Jámánì.

Káàdì ló ṣòro jù, nítorí àṣírí ni ohun tó wà lórí rẹ̀: bí ẹ bá kà á sókè fún ẹni tí kò ríran, ayò ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ bá kúrú, tí ẹni náà sì mọ Braille kà, ìyẹn àmì tó yọ sókè tí a fi ìka ń kà (ọ̀pọ̀ àwọn tó pàdánù ìríran lágbà ni kò mọ̀ ọ́n), ẹ kọ lẹ́tà Braille kan tàbí méjì sára àpò ike tí a ń rí òdìkejì rẹ̀, kí ẹ sì fi gbogbo káàdì sínú irú àpò kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ẹ̀yìn dá káàdì mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ẹ lẹ àmì QR tí ẹ ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀ mọ́ ọn. Kámẹ́rà fóònù yóò mú un, TalkBack lórí Android tàbí VoiceOver lórí iPhone, ìyẹn ètò inú fóònù tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè, yóò sì kà á sí i létí nìkan nípasẹ̀ íápíìsì. Igun kan náà ni kí àmì yìí máa wà lórí gbogbo káàdì, kí ẹ sì gé igun náà díẹ̀ kí ìka lè tètè rí i.

Ní ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, igi tóóró tí a la ojú gbọọrọ sí lára yóò gbé káàdì rẹ̀ dúró, rọ́bà tí kì í yọ̀ kò ní jẹ́ kí pátákó ayò sún, áàpù inú fóònù sì lè ju dáìsì fún un bí ó bá tẹ bọ́tìnnì ńlá kan tí a so mọ́ fóònù náà nípasẹ̀ Bluetooth.

Ẹ má fi aago lé ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí ojú ń rí lẹ́ẹ̀kan náà máa ń pẹ́ kí ọwọ́ tó tọ́ ọ tán. Kí àwọn yòókù tó jókòó, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì fọwọ́ kan gbogbo nǹkan, kí wọ́n sì sọ èyí tí kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé kí ẹ tó jáde lọ ra ohunkóhun.