Ta ni Wagner tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń dárúkọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ní Yaba, bàbá kan sọ pé aṣòfin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Wagner ló ṣe òfin tí kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ lé ènìyàn nítorí ẹgbẹ́. Ta ni ọkùnrin náà? Ṣé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa? Ọ̀gá wa ti sọ pé kí ẹni tó bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Òǹkàwé yín, Ìlúpéjú.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Robert F. Wagner ni wọ́n ń pè é, ìlú Nastätten ní Jámánì ni wọ́n sì bí i sí ní ọdún 1877. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wọn lọ sí New York, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tọ́jú ilé onílé jẹun. Òun náà ta ìwé ìròyìn ní kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ láti kàwé, ó sì parí ẹ̀kọ́ òfin ní ọdún 1900.

Ní tèmi, iná ló sọ ọ́ di ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, ilé-iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York gbiná, ènìyàn 146 kú, ọ̀dọ́mọbìnrin sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ìlẹ̀kùn kan tí wọn ìbá gbà sá jáde wà ní títì pa. (Àwa náà kò tíì gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ tí iná ká mọ́ ilé-iṣẹ́ ní Ìkòròdú ní ọdún 2002.) Wagner àti Al Smith, tí àwọn méjèèjì jẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ New York nígbà náà, ni wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó ń wo inú àwọn ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà. Frances Perkins, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, kò jẹ́ kí ó fi etí gbọ́ lásán: ó mú kí Wagner fúnra rẹ̀ rákò gba ihò tóóró kan lára ògiri, bọ́ sórí àkàbà irin tí yìnyín bò, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ bàtà 12 ga ju ilẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni àwọn onílé-iṣẹ́ ń pè ní ọ̀nà àsálà. Òfin tó jáde lẹ́yìn ìwádìí yìí lé ní ọgbọ̀n.

Ó di adájọ́, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Washington ní ọdún 1927. Òfin rẹ̀ tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1935 fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ bá ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dìbò yàn jókòó dúnàádúrà, ó sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tó lè dá ẹni tí wọ́n lé nítorí ẹgbẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọtí ikún sí i, títí di ọdún 1937 tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, pẹ̀lú adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, fi ti òfin náà lẹ́yìn nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tí ilé-iṣẹ́ irin Jones & Laughlin lé ní Aliquippa.

Ó dùn mí pé òfin náà yọ àwọn òṣìṣẹ́ oko àti ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń jẹun. Síbẹ̀, Wagner yìí kan náà ló gbé àbádòfin wá ní ọdún 1934, pẹ̀lú Costigan, aṣòfin àgbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láti dá pípa tí àwọn èrò ń pa ènìyàn láìsí ìdájọ́ dúró. Àwọn aṣòfin gúúsù fa ọ̀rọ̀ gùn títí ó fi kú. Òfin Taft-Hartley ti ọdún 1947 gé agbára òfin òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù. Àìsàn mú kí ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 1949, ó sì kú ní ọdún 1953.

Ní ti ọ̀gá yín, abala 40 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, abala 9 òfin iṣẹ́ sì kà á léèwọ̀ láti lé òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́ àti orúkọ àwọn tó gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá lé yín lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà ní Ìkòyí.