Ṣé kí ọmọ mi máa wo ánímè lórí tẹlifíṣọ̀n, àbí kó máa dáńlóòdù rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 12, fẹ́ràn ánímè, eré àwòrán yíyà ilẹ̀ Japan, ju oúnjẹ lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé èyí tó ń wò jáde lórí tẹlifíṣọ̀n onísátẹ́láìtì wa, àmọ́ bí iná bá lọ, tọjọ́ náà ti lọ nìyẹn, ẹkún ló kù. Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí òun máa dáńlóòdù rẹ̀ sórí fóònù mi. Owó dátà ń bà mí lẹ́rù, wọ́n sì tún ní ìwòkuwò pọ̀ nínú ti íntánẹ́ẹ̀tì. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ jẹ́ kó máa dáńlóòdù rẹ̀, ṣùgbọ́n inú áàpù tó ra ẹ̀tọ́ eré náà ni kó ti ṣe é, kì í ṣe ibikíbi tó bá ṣáà ti rí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń gé fídíò fún tẹlifíṣọ̀n, mo sì mọ ohun tí ojú fídíò ń rí kó tó dé pálọ̀ yín.

Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde kì í sábà jẹ́ odindi. Apá kan ánímè jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 24, inú ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n sì ń há òun àti ìpolówó ọjà mọ́. Bí ìkànnì náà bá tún jẹ́ tàwọn ọmọdé, àwọn tó ń gé e á wọ inú ìtàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ 4Kids gbé One Piece, ánímè kan nípa àwọn olè orí òkun, dé tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 2004, Sanji, alásè inú ọkọ̀ tí sìgá kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, di ẹni tó ń lá súwíìtì onígi. Ìyẹn ṣì kéré. Ẹja àbùùbùtán kan wà nínú ìtàn náà, Laboon, tó ti ń retí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti 50 ọdún. Wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n fi òkìtì yìnyín dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìtàn ṣì ń bọ̀ wá padà sórí ẹja yẹn lọ́jọ́ iwájú, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ ohun tí omijé ń wá lójú ẹnikẹ́ni. Ó ń dùn mí bí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ tó jókòó tì í tọkàntọkàn.

Nínú áàpù tó gbàṣẹ, bí wọ́n ṣe ṣe é ní Japan ló sábà máa ń wà, ohùn àwọn òṣèré Japan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀.

Ti ìwòkuwò, ìbẹ̀rù yín tọ́. Ọ̀pọ̀ ánímè ló jẹ́ pé lẹ́yìn aago 11 alẹ́ ni wọ́n ń gbé e jáde ní Japan, nígbà tí ọmọdé ti sùn, torí àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ọ̀sán, kò sí òru. Tàgbà tọmọdé ló wà lójú kan náà. Ẹ má rò pé bó bá ti jẹ́ àwòrán yíyà, ọmọdé ló ni ín. Ibi tí áàpù bá ti gbà yín láyè, ẹ ṣí ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún un, ẹ fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ti tiyín pa.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í béèrè. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1997, iná pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì nínú apá kan ánímè Pokémon sọ ju ọmọ 600 lọ dèrò ilé ìwòsàn ní Japan. Láti ìgbà náà ni àwọn tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ ti ń pa irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí kò gba orí tẹlifíṣọ̀n lè wà láìjẹ́ pé wọ́n pa á rẹ̀. Kó má ṣe máa wò ó nínú òkùnkùn pẹ̀lú fóònù nímú, àgàgà bí wárápá bá wà nínú ẹbí.

Ó wá ku dátà. Netflix, ọ̀kan lára àwọn áàpù tí wọ́n ti ń wo fíìmù, ṣírò rẹ̀ pé wákàtí kan lè jẹ tó 0.7GB bí àwòrán bá jẹ́ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, tó 3GB bó bá jẹ́ HD, ìyẹn èyí tó mọ́ kedere. Ní oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìṣẹ́jú 24 á jẹ nǹkan bíi 280MB. Apá 12 kò ní ju 3.4GB lọ. Ní HD, apá 12 kan náà lè gbé 14GB lọ. Ẹ mú oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, ojú fóònù kò ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀. Bí mo bá ń tẹ ánímè lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ mi, àwòrán 24 ló yẹ kó kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni mo sábà máa ń rí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta: ojú kò mì, irun kò mì, ètè nìkan ló ń ṣí tó ń pa dé. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í bàjẹ́ púpọ̀ bí wọ́n bá fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹ tún mọ̀ pé bó bá ń wò ó tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà tó bá padà wò ó ni dátà ń lọ, ọmọdé sì máa ń wo nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bó bá dáńlóòdù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ lo dátà alẹ́ tó dínwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ sí àwọn ojúlé ọ̀fẹ́. Ọmọ àdúgbò mi kan tẹ ohun tó pè ní apá 12. Faili náà kò tó 5MB, orúkọ rẹ̀ sì parí sí .apk. Fídíò ìṣẹ́jú 24 kì í kéré tó bẹ́ẹ̀, .mp4 tàbí .mkv ló sì sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ètò fóònù lọ́mọ náà gbé wọlé, kílẹ̀ tó mọ́, káàdì ìpè ìyá rẹ̀ ti tán.

Fáìlì inú áàpù náà ní ọjọ́ tó ń parí, nígbà míì láàárín ọjọ́ méje. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, ẹ ṣí i wò nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà, kí ẹ tún un gbà bó bá ti parí.