Ajá mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta: ìdáhùn sí ìbéèrè Bàbá Ìbejì

Ìyá Tómiwá, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ sì kú iṣẹ́ ajá. Mo mọ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹ̀yin àti ọkọ yín ti ń kọ́ ajá iṣẹ́, àti pé ní òkèèrè níbí náà lẹ ti tọ́ àwọn ọmọ yín, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yín. Ajá mẹ́ta ni mo ní. Méjì jẹ́ Border Collie tí mo ń kọ́ láti máa da àgùntàn. Ẹ̀kẹta jẹ́ German Shepherd tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń múra láti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó máa ń wá ẹni tó bá sọnù sínú igbó. Àwọn ìbejì ti pé ọdún méje, Ìdòwú sì jẹ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ alẹ́ ló sì máa ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà.

Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ń jí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni mo ń lò lórí ajá kọ̀ọ̀kan kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo sì tún ń padà sí pápá nírọ̀lẹ́. Mo kọ àkókò ajá kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan kún un nísàlẹ̀: “Kẹ́hìndé, 6:40.” Ọmọ mi ló wá àyè fún ara rẹ̀ láàárín àwọn ajá. Ìyàwó mi ti rí i kí n tó rí i, kò sì sọ nǹkan kan, èyí tó bà mí lẹ́rù ju kó bá mi jà lọ. Ẹnì kan tún ti ṣèlérí ọmọ ajá kan fún mi, èyí tí ìyá àti bàbá rẹ̀ mọ iṣẹ́ dáadáa. Ṣé kí n gbà á? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ajá fi ń mọṣẹ́ tí ilé kò sì dàrú?

Bàbá Ìbejì

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ìbejì àti Ìdòwú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, ibi tí ojú mi sì dúró sí ni 6:40 yẹn. Ọmọ tó bá ti bínú á sunkún tàbí kó máa fọ́ nǹkan. Ọmọ tó mú pẹ́ńsù, tó wá ibi tó ṣófo nínú iṣẹ́ bàbá rẹ̀, tó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, kò tíì bínú, ó ń bá yín dúnàádúrà ni. Ẹ tètè dá a lóhùn. Ní àárọ̀ ọ̀la, bí aago bá ti lu 6:40, kí okùn ajá wà lára ògiri, kí ẹ jókòó ti ọmọ náà, kí ẹ sì jọ ṣe ohun tó bá fẹ́. Gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, orí ibi tí ẹ ti máa rí àyè fún 6:40 yẹn ni mo gbé e lé.

Ẹ kọ́kọ́ dín ìṣẹ́jú 50 yẹn kù. Ó ti pọ̀ jù fún yín, ó sì pọ̀ jù fún ajá pàápàá. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, nígbà tí mo rò pé bí mo bá ṣe pẹ́ tó lórí pápá ni ajá ṣe máa gbọ́n tó. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí kan ní Dẹ́ńmáàkì gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ajá beagle 44 ṣe. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn kò ju kí ajá lọ sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀. Àwọn kan ń kẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́, àwọn mìíràn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀kọ́ àwọn kan kúrú, ti àwọn mìíràn sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ láìdúró. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn kúrú sì ṣe dáadáa ju àwọn tí tiwọn gùn lọ. Nígbà tí wọ́n tún dán wọn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gbogbo ìsọ̀rí náà ló ṣì rántí. Lóòótọ́, bí a bá fi ọjọ́ kalẹ́ńdà kà á, ẹni tó ń kọ́ ajá lójoojúmọ́ lè tètè parí, ṣùgbọ́n ta ló ń lé wa?

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń lò báyìí fún ẹ̀kọ́ tuntun, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ajá kan, mo sì máa ń dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá ṣì ń wojú mi pé kí a tún ṣe é. Ìrìn àti eré sísá ojoojúmọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́, a kò sì lè yọ ìyẹn kúrò, nítorí pé ajá iṣẹ́ tí kò bá rẹ̀ yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì lè bá yín rìn ín, ọ̀rọ̀ sì máa ń yọ lẹ́nu ọmọ lójú ọ̀nà ju lórí àga lọ. Ẹ má sì kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohun tuntun pa pọ̀. Kí ọ̀kan wà nílé ẹ̀kọ́, kí àwọn méjì tó kù máa ṣe àtúnyẹ̀wò ohun tí wọ́n ti mọ̀, lẹ́yìn oṣù méjì kí ẹ pààrọ̀.

Àmọ́ o, kì í ṣe ajá tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ló ń da ilé rú, àwọn méjì tó ń dúró ni. Nígbà tí ẹ bá wà lórí pápá pẹ̀lú ọ̀kan, àwọn tó kù á máa gbó, wọ́n á máa ha ilẹ̀kùn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé kò sì ní rí oorun sùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ ajá èyíkéyìí tó bá wọ ilé mi, kó tó mọ àgùntàn, kó tó mọ òórùn ẹni tó sọnù, ni bí a ti ń dúró. Ajá kọ̀ọ̀kan ní ẹní kékeré tirẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó bá ti fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ ẹní náà ni mo ti ju oúnjẹ bíńtín sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú, kíákíá, nítorí pé bí èrè bá fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pẹ́, ajá kò ní mọ ohun tó ṣe tó fi rí i gbà. Lẹ́yìn náà ó di kó dùbúlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, mẹ́wàá, ogún. Mo dìde, mo padà. Mo lọ kan ilẹ̀kùn fúnra mi bí ẹni pé àlejò dé. Ẹ máa rí i pé ajá á kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fò dìde, gbogbo iṣan ara rẹ̀ á le. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á da ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀, á sì mí kanlẹ̀. Èémí yẹn ni kí ẹ máa retí. Kó tó mí in, àṣẹ ló ń pa mọ́. Lẹ́yìn tó bá mí in tán, ó ń sinmi. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà wá kí àwọn tiwa tó lè wà lórí ẹní títí a ó fi jẹun alẹ́ tán.

Ọ̀ràn kan tún wà tó kan àwa tí a ń sọ Yorùbá nílé, tí ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ ajá lè má ronú kàn. Èdè wo lẹ fi ń pàṣẹ fún wọn? Yorùbá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, inú mi sì ń dùn pé àwọn ọmọ á ti ara rẹ̀ gbọ́ èdè. Wọ́n gbọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ké sí Tómiwá pé “Wá!”, ajá mẹ́ta ló kọ́kọ́ dé, wọ́n tò síwájú mi, wọ́n ń wo ọwọ́ mi, Tómiwá wá yọ lẹ́yìn wọn, ó ní ṣé òun náà máa rí nǹkan jẹ ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó di alẹ́ ni mo rò ó wò pé ohùn tí mo fi ń pe ọmọ mi ti di ohùn tí mo fi ń pe ajá. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa, tí mo ní “Ẹ jókòó, Mà”, ajá kan ti jókòó kí Màmá tó dé ìdí àga. Ajá kò mọ “ẹ” ọ̀wọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ya ọ̀rọ̀ ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ajá. Wá, jókòó, dúró, ti àwọn ọmọ ni. Ti ajá ni “bọ̀” fún ìpè, “ilẹ̀” fún ìdùbúlẹ̀, “ẹní” fún kó lọ sórí ẹní, “tú u” fún kó ju ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ kan náà, torí bí bàbá bá ní “ilẹ̀”, tí ọmọ ń fi èdè ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́, ajá á gbà pé ohun méjì ni. Ní ti àwọn Border Collie yín, ẹni tó bá ń fi ajá méjì da àgùntàn pa pọ̀ máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìró fèrè tirẹ̀, kí àṣẹ tó ń darí ọ̀kan sí ọwọ́ òsì má baà gbé èkejì lọ. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tiwa máa ń gbọ́, fèrè ajá kejì ló ń gbọ́. Ẹ sì gbé fèrè náà síbi tí ọwọ́ àwọn ìbejì kò tó.

German Shepherd yín ló lè dá àkókò tó pọ̀ jù padà fún yín. Ajá tó ń wá ènìyàn kò lè kọ́ṣẹ́ láìsí ẹni tó máa lọ fara pamọ́, kò sì sí ẹni tó mọ bí a ti ń fara pamọ́ bí ọmọ ọdún méje. Ẹ di ajá mú, kí Táíwò fi ohun ìṣeré rẹ̀ hàn án, kó sá lọ sẹ́yìn igi. Ẹ ka ẹyọ mẹ́ta, ẹ tú ajá sílẹ̀. Bó bá ti rí i, kí ọmọ ju ohun ìṣeré náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má gbé e sókè orí, nítorí ajá á fò mọ́ ọn. Kí àgbàlagbà kan wà pẹ̀lú ọmọ níbi tó sá sí títí ẹ ó fi mọ̀ dájú bí ajá ṣe ń ṣe nígbà tó bá rí ẹni tó ń wá. Kẹ́hìndé tó ní pẹ́ńsù ni kí ẹ fún ní ìwé àkọsílẹ̀: ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, iye ìṣẹ́jú tí ajá fi wá a, ibi tó ti ṣìnà. Ẹni tó bá ń fi ajá wá ènìyàn gbọ́dọ̀ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́nàkọnà. Ṣùgbọ́n èyí kò gbọdọ̀ rọ́pò 6:40 o. Ti ajá ni eléyìí ṣì jẹ́. Ọ̀dọ̀ àgùntàn ní tirẹ̀ kì í ṣe ibi ọmọdé, nítorí pé àgùntàn tí ajá lé lójijì lè gbé ọmọ ṣubú. Lẹ́yìn ọgbà ni kí wọ́n ti máa wòran.

Ní ti Ìdòwú, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí jù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Tómiwá nígbà tí ajá adaran wa kan gé e jẹ ní gìgísẹ̀ bó ti ń sáré. Ọgbẹ́ náà kò jinlẹ̀, mo sì kọ́kọ́ dá ajá lẹ́bi, kí n tó rántí pé odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi í sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà láìfún un níṣẹ́, níbi tó ti ń wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń sáré lọ sáré bọ̀. A ti ń bí irú ajá bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran kó lè máa yí ohun tó bá ń sá po. Ọmọ tó ń sáré tó ń kígbe kò yàtọ̀ sí àgùntàn lójú rẹ̀. Nítorí náà, kí géètì kékeré wà láàárín Ìdòwú àti àwọn ajá nígbàkígbà tí ojú àgbà kò bá sí níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi lọ gbé omi. Ẹ kọ́ àwọn ìbejì láti mọ ajá tí ara ń ni: ó ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, ó ń lá ètè, ó ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́, ara rẹ̀ le gbagidi. Bí ajá bá kùn, ẹ má lù ú. Ìkùn ni ìkìlọ̀ rẹ̀, ajá tí a bá lù nítorí ìkùn á kàn dákẹ́ ni, lọ́jọ́ mìíràn á géni jẹ láìkìlọ̀. Oògùn aràn àwọn ajá kò gbọdọ̀ yẹ̀, kí àwọn ọmọ sì máa fọwọ́ lẹ́yìn eré, torí aràn ajá ń ran ọmọdé.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ ìyàwó yín. Ẹ yọ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ajá kankan kò ní wáyé, kí ó jẹ́ ọjọ́ tí kò ní lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé ara fíríìjì náà.

Ọmọ ajá kẹrin yẹn, ẹ má gbà á. Mo mọ̀ bó ṣe ń ṣe èèyàn tí a bá dárúkọ ìyá àti bàbá rere. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá sí ìkẹrìnlá ni ọmọ ajá ń kọ́ ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù láyé, ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ máa gbé e kiri láàárín ènìyàn àti ariwo lákòókò náà, èyí tí kò ní dúró dè yín. Ó lè sùn tó wákàtí 18 lóòjọ́ lóòótọ́, àmọ́ wákàtí tó kù, ìtọ̀ àti eyín ni. Eyín wẹ́wẹ́ tó mú bí abẹ́rẹ́, tí kò ní paarọ̀ tán títí yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, Ìdòwú sì rèé tó ń rìn tàgétàgé nílẹ̀ kan náà. Ó máa ju ọdún kan lọ kí ẹ tó mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wà nílẹ̀ mọṣẹ́ rẹ̀ tán, kí Ìdòwú sì dàgbà dé ibi tí “fi í sílẹ̀” ti ń wọ̀ ọ́ létí. Bí ẹni náà bá ní òun kò lè dúró, kó fún ẹlòmíràn. Ìyá ajá yẹn á tún bí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, nígbà tó bá jí.

Ìyá Tómiwá