Ta ni ẹ ń sín jẹ gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta la jọ ń ṣe fídíò àwàdà sórí YouTube láti Ìbàdàn. A gbọ́ “The Saga Begins” ti Weird Al Yankovic, olórin aláwàdà ará Amẹ́ríkà, ó sì wù wá láti ṣe irú ẹ̀ ní Yorùbá: ká mú ohùn orin rock kan tó lókìkí, ká fi ro ìtàn fíìmù tí gbogbo ayé ti wò. A ti rí ohùn ìlù orin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tí wọ́n fi ń kọ káráókè. Ọ̀rẹ́ wa kan ní tó bá ti jẹ́ àwàdà, òfin ò lè mú wa. Ṣé lóòótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ìdajì òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Ìdajì tó kù ló lè mú kí wọ́n yọ fídíò yín kúrò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi àwọn aláwàdà ni pé: ta ni ẹ ń sín jẹ gan-an? Bí ọmọ ilé ìwé bá ń sín tíṣà ẹ̀ jẹ, tíṣà yẹn ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí bó ṣe lè ṣe é láì mú ohùn àti ìrìn tíṣà. Àmọ́ bó bá yá fìlà tíṣà dé láti lọ fi ìyá oníresì ṣe yẹ̀yẹ́, fìlà lásán ló wá. Oní-fìlà lè bi í pé kí ló dé tí kò lọ ra tiẹ̀.

Ibi tí òfin Amẹ́ríkà fì sí náà nìyẹn. Lọ́dún 1994, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ àwọn olórin rap kan, 2 Live Crew, tí wọ́n sọ “Oh, Pretty Woman” ti Roy Orbison, orin ọdún 1964, di ẹ̀fẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ti pé wọ́n ta orin wọn kò tó láti fi dá wọn lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé orin Orbison gan-an ni ẹ̀fẹ̀ náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá mú iṣẹ́ ẹlòmíì láti fi nǹkan mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́ gbọ́dọ̀ ní àwíjàre tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo “The Saga Begins”. Ọdún 1999 ló jáde. Ohùn “American Pie” tí Don McLean gbé jáde lọ́dún 1971 ni, ìtàn fíìmù Star Wars tó jáde lọ́dún 1999 kan náà ló sì ń rò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò fi McLean ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Fìlà ló yá, ó sì tọrọ rẹ̀ kó tó dé e, torí ìṣe Yankovic ni láti gba àṣẹ. McLean fọwọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ òun ń gbọ́ ọ nílé débi pé ọ̀rọ̀ Yankovic ló fẹ́ máa wá sí òun lẹ́nu lórí ìtàgé.

Kì í rọrùn báyẹn ní gbogbo ìgbà. “Yoda”, tí Yankovic fi ohùn “Lola” ti ẹgbẹ́ The Kinks kọ, pẹ́ nílẹ̀ kó tó jáde lọ́dún 1985. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin náà ló kọ̀. Ìgbà tó pàdé Ray Davies tó ni orin lójúkojú tó sì bi í, ó gbà, ọ̀rọ̀ tán.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rẹ́ yín rí ibi dúró sí. Abala 20 nínú Òfin Kọ́píráìtì ọdún 2022 dárúkọ àsínjẹ àti ẹ̀fẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí èèyàn lè ṣe láì gbàṣẹ, bí ó bá ṣáà ti ṣe déédéé. “Déédéé” yẹn ni iṣẹ́ wà: adájọ́ á wo iye tí ẹ mú nínú orin náà àti bóyá ẹ ń dí ọjà oní-nǹkan lọ́wọ́. Ẹ fẹ́ mú gbogbo rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ YouTube tó ń dá orin mọ̀ kò mọ Abala 20. Bó bá ti gbọ́ ohùn náà, olórin lè ní kí wọ́n dí fídíò yín, tàbí kí owó ìpolówó máa lọ sọ́dọ̀ òun.

Ẹ gbàgbé ohùn ìlù káráókè yẹn. Ẹni tó kọ orin ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀, ẹni tó ká ìlù yẹn sílẹ̀ náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wá onígìtá, kí ẹ lù ú fúnra yín. Àṣẹ tí wọ́n fi ń tún orin olórin kọ bó ṣe wà kò sì tó, torí kò ní pípa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dà nínú.

Ti fíìmù fúyẹ́. Ẹ ro ìtàn rẹ̀ lọ́rọ̀ ara yín, ẹ má kàn ti àwòrán tàbí orin inú fíìmù náà bọ inú fídíò yín.

Bí ẹ bá fẹ́ gbàṣẹ, ẹ wá orúkọ orin náà lórí ìkànnì ASCAP tàbí BMI, àwọn àjọ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ń kọ orin ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín sí Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí wọn. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí ohun tí kò gbọ́. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ohùn orin náà máa yí díẹ̀. Mo ti pẹ́ nínú akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ ohun tí ohùn òyìnbó máa ń ṣe fún Yorùbá: orin lọ sókè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ di ọkọ́ lẹ́nu yín.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ orin tiyín tó máa dún bíi tiwọn, torí ẹnikẹ́ni kò ni àrà. Yankovic ṣe bẹ́ẹ̀ náà nínú “Dare to Be Stupid”: ó dún bíi ti ẹgbẹ́ Devo, kò sì mú ohùn orin wọn kankan.